Àmín Mẹ́ta ní Ẹ̀bá Odò

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí. Mi ò lá a lálàá, mi ò sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó wá sí Thamesmead, ní London, láàárọ̀ ọjọ́ kan, kó dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì mi, kó wo bí ọmọ mi ṣe ń kí mi. Lẹ́yìn náà, kó wá pè mí ní òpùrọ́.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Inú ti ń bí mi láti oṣù Kejìlá. Ọkọ mi ní kí n gbàgbé. Pásítọ̀ wa ní kí n dúpẹ́. Kí ni mo fẹ́ dúpẹ́ fún?

Olúwamáyọ̀wá ni orúkọ mi. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, láti ilé dé ilé, láti Plumstead Common títí dé Woolwich. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mò ń fún wọn lóunjẹ. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ohun tó máa ń dùn mí jù ni pé ọmọ tí mo bí nínú ara mi ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Moráyọ̀ nígbà náà. Bí àlejò bá wọlé, á gbọ́wọ́ sókè, á ní "Hi." Bó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, "ìwọ" ni. "Mummy, o ti dé?" Àfi bíi pé a jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí àgbà kan bá ń ṣàdúrà fún un, á kàn máa wo ẹnu onítọ̀hún ni.

Lọ́jọ́ kan, mo fa etí rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Wọ́n ń ṣàdúrà fún ẹ, o di ẹnu ẹ. Ta lò ń bá ṣọ̀tá? Tí àgbà bá ti ṣàdúrà, Àmín lo máa ṣe. Ṣe é kó dún."

"But mi ò mọ ohun tó ń sọ, Mummy. Yorùbá ẹ̀ ti le jù."

"Kò dìgbà tó o bá mọ̀ ọ́n. Àdúrà ni."

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn. Ẹ má gbàgbé rẹ̀, torí èmi ò lè gbàgbé rẹ̀.

Àbúrò mi, Abísọ́lá, ń kàwé ní Malaysia. Ó ti lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀, ó sì gbọ́ èdè wọn yékéyéké. Ní oṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá, èmi, Moráyọ̀ àti Adédọ̀tun ọkọ mi lọ kí i. Ní ọjọ́ kẹta, ó ní ká wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kuala Kangsar. Ó ní ìlú ọba ni, ibẹ̀ ni ìdílé ọba ìpínlẹ̀ Perak fi ṣe ibùjókòó. Odò ńlá kan ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fẹ̀, ó sì pọ́n bí omi àgbàrá.

Mi ò bá ará ìlú náà jà. Ọmọlúàbí ni wọ́n. Kò sí ẹni tí a bi léèrè ọ̀nà tí kò dìde láti fi hàn wá. A rí mọ́ṣáláṣí olórí wúrà lórí òkè. A rí ààfin àtijọ́ tí wọ́n fi igi kọ́, ọparun tí wọ́n hun bí ẹní ni ògiri rẹ̀, Abísọ́lá sì ní wọ́n sọ pé kò ní ìṣó kankan lára. Nínú ọjà, mo rí orù. Orù dúdú ni, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó rí bí akèrègbè, omi inú rẹ̀ sì máa ń tutù. Irú rẹ̀ wà ní ilé ìyá ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí mo ṣe rí i, ọkàn mi balẹ̀ sí ìlú náà. Mo ní, àwọn èèyàn yìí, tiwa ni wọ́n.

Nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, a dé ẹ̀bá odò. Oòrùn mú gan-an. Abísọ́lá lọ tò síbi tí wọ́n ti ń ta yìnyín olómi àgbọn. Adédọ̀tun dúró lókè, ó ń fi fóònù ya odò. Èmi àti Moráyọ̀ sọ̀ kalẹ̀ síbi àtẹ̀gùn òkúta kan tó wọ inú omi lọ.

Ibẹ̀ dákẹ́. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀. Lókè, mọ́tò ń dún, àwọn ọmọ ń ṣeré. A tẹ àtẹ̀gùn kìíní, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ẹyẹ ò ké. Mo kàn ń gbọ́ bí omi ṣe ń kan òkúta, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́.

Obìnrin arúgbó kan jókòó sórí àtẹ̀gùn kẹta. Ó fi ìborùn funfun borí. Aṣọ rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò tó ti ṣá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nínú omi, orù dúdú kan wà lórí itan rẹ̀. Moráyọ̀ ló ń wò. Kò wo èmi rárá.

Moráyọ̀ gbọ́wọ́ sókè. "Hi."

Inú bí mi. Mo ronú pé a ti rin gbogbo ọ̀nà yìí, a tún gbé ìwà yìí wá fún wọn ní ìlú ọba. Mo tẹ̀ ẹ́ léjìká.

"Kúnlẹ̀."

Ó kúnlẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, Mà," ni mo wí. Mo mọ̀ pé kò gbọ́ Yorùbá. Àgbà ṣáà ni àgbà.

Ó gbé ọwọ́ lé Moráyọ̀ lórí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní èdè tirẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, bí ohùn ìyá tó ń ṣàdúrà fún ọmọ tó fẹ́ rìnrìn àjò. Ó dákẹ́. Ó wá gbójú sókè wò mí. Ẹ mọ bí àgbà ṣe máa ń dúró nígbà tó bá ń retí Àmín.

"Àmín," ni mo wí.

Ó tún sọ̀rọ̀. Ó tún dúró.

"Àmín o, Mà."

Ó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Èyí ò gùn. Ó tẹ ojú mọ́ mi.

"Àmín, ní orúkọ Jésù."

Ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó gbé orù náà, ó nà án sí ọmọ mi.

"Fi ọwọ́ méjèèjì gbà á," ni mo sọ fún Moráyọ̀. "Sọ pé ẹ ṣé, Mà."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó ní ẹ ṣé, Mà. Inú mi dùn. Kí n sọ òótọ́, inú mi dùn gan-an ni.

Mo gbọ́ tí Abísọ́lá pè mí lókè, mo sì yíjú. Nígbà tí mo yíjú padà, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Òkúta tó jókòó lé gbẹ táútáú. Kò sí àmì ẹsẹ̀ tútù kankan.

"Sister mi, ta lẹ kúnlẹ̀ fún?" Abísọ́lá bi mí.

"Mama tó jókòó síbẹ̀ yẹn."

Ó wo àtẹ̀gùn. Ó wo Moráyọ̀ àti orù ọwọ́ rẹ̀. "Ojú mi ò kúrò lára yín láti ibi tí mo tò sí. Ẹ̀yin méjì nìkan ni mo rí."

Adédọ̀tun ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun rò pé odò lèmi ń gbàdúrà sí. Ó ní òun ti ká a sínú fóònù, òun máa fi han àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo sọ pé ìyá náà ti gba ibòmíì lọ. A gbé orù náà sínú àpótí, a sì padà sí London.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a dé, mo wà ní kíṣìnì. Moráyọ̀ wọlé wá. Ó kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì kan ilẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Mà."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Kò fi mí ṣeré. Ó ṣe é lọ́jọ́ kejì. Ó ṣe é lọ́jọ́ kẹta. "Ìwọ" tán lẹ́nu rẹ̀. Bó bá fẹ́ gba nǹkan, á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí àgbà bá ṣàdúrà, Àmín tirẹ̀ ló máa ń dún jù. Àwọn ìyá ìjọ ń kí mi, wọ́n ní mo kú iṣẹ́, wọ́n ní ẹ̀kọ́ ilé ò láfiwé. Mo ń rìn bí ẹni tó gba ẹ̀bùn. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó bi ara mi léèrè: ẹ̀kọ́ ilé ni lóòótọ́, àmọ́ ilé ta ni?

Ojú fèrèsé kíṣìnì ni a gbé orù náà sí. Mi ò bu omi sí i. Síbẹ̀ omi wà nínú rẹ̀. Mo dà á nù, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀. Nígbà tí mo tibi iṣẹ́ dé, ó ti dúró, omi sì ti dé ọrùn rẹ̀. Ó tutù, ó pọ́n, ó ń rùn bí ẹrẹ̀. Mo bi Adédọ̀tun. Ó ní Moráyọ̀ ló ń bu omi sí i. Omi ẹ̀rọ ilé wa ò pọ́n. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún mi, kí n dín shift mi kù.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹwàá, mò ń bá Abísọ́lá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu.

"Sister mi, ta ló ń sọ èdè Malay nílé yín?"

"Kò sí ẹnì kankan."

"Mò ń gbọ́ ọ. Èdè àwọn àgbà ni. Àwọn ọmọdé ò sọ ọ́ báyìí mọ́."

Mo yíjú. Moráyọ̀ dúró nídìí fèrèsé, ó fi ẹnu sún mọ́ ẹnu orù, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Á sọ díẹ̀, á dákẹ́, á gbé etí lé e. Mo pa fóònù.

"Moráyọ̀, kí lò ń bá orù sọ?"

"Orù kọ́, Mà. Grandma ni."

"Grandma ẹ ti kú láti ọdún mẹ́fà."

"Ìyẹn kọ́, Mà. Èyí tẹ́ ẹ ṣe Àmín fún."

Mo bi í pé kí ni obìnrin náà sọ lọ́jọ́ yẹn. Ó dá mi lóhùn wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń ka iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀.

"Ó bi yín pé, 'Ọmọ mi tí odò gbé lọ nìyí, àbí?' Ẹ ní Àmín. Ó ní, 'Ṣé ẹ ti ń bá mi tọ́jú ẹ̀?' Ẹ ní Àmín. Ó wá ní, 'Tí mo bá wá mú un, ṣé ẹ máa fún mi?'"

"Mi ò mọ ohun tó ń sọ, Moráyọ̀. Mi ò gbọ́ èdè ẹ̀."

"Ẹ ní kò dìgbà téèyàn bá mọ̀ ọ́n, Mà. Ẹ ní àdúrà ni."

Mo wá fóònù ọkọ mi, mo wo fídíò náà. Àwa méjì nìkan la wà nínú rẹ̀. Kò sí ohùn kankan bí kò ṣe tiwa. Mo kúnlẹ̀ fún òkúta, mo ṣe Àmín fún òkúta lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Moráyọ̀ na ọwọ́ òfìfo síwájú. Ó fa ọwọ́ padà, orù dúdú sì wà nínú rẹ̀. Mo fi han Adédọ̀tun. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ojú rẹ̀ yí padà, mo rí i, kó má tiẹ̀ jiyàn. Ó wá ní oòrùn ló wọ kámẹ́rà. Mo sọ fún un pé ojo ọkùnrin ni. Láti ọjọ́ náà, a ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Mo lọ bá Pásítọ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fetí sílẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Sister Máyọ̀wá, ọmọ tó ń kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ nínú London yìí, òun lẹ ní ká wá gbàdúrà lé lórí? Ẹ lọ dúpẹ́." Mo dìde. Mi ò kí i pé ó dàbọ̀.

Ọjọ́ Tuesday kan ni, nínú oṣù Kejìlá. Mo parí iṣẹ́ nílé baba kan tó ń gbé nítòsí bárékè àwọn sójà ní Woolwich, mo sì wakọ̀ padà sílé. Aago mẹ́rin ò tíì kọjá púpọ̀, ilẹ̀ ti ṣú, bó ṣe máa ń rí nígbà òtútù. Moráyọ̀ ti yẹ kó ti ilé ìwé dé. Kò sí nílé. Mo wo ojú fèrèsé. Kò sí orù.

Mo sáré jáde. Auntie Bernice, ará Badagry tó ń gbé ní ilé kejì sí wa, ń já ẹrù nínú mọ́tò rẹ̀.

"Mama ti dé láti Nigeria, ẹ ò sì sọ fún wa," ló wí. "Mo rí òun àti Moráyọ̀ ní bus stop. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wọ kóòtù o. Aṣọ yẹ́lò fẹ́lẹ́ yẹn nìkan ni mo rí lọ́rùn wọn. Bọ́ọ̀sì Woolwich ni wọ́n wọ̀."

Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ ibi tí àtẹ̀gùn wà. Ní Woolwich, nítòsí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé mọ́tò sọdá, àtẹ̀gùn òkúta kan wà tó wọ inú odò Thames lọ. Mo wakọ̀ débẹ̀, mo fi mọ́tò sílẹ̀ láì ti ilẹ̀kùn.

Mo tẹ àtẹ̀gùn kìíní. Ariwo mọ́tò dákẹ́. Afẹ́fẹ́ dákẹ́. Mo kàn ń gbọ́ omi.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn kẹta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi. Moráyọ̀ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú aṣọ ilé ìwé, omi odò sì ti ń kún bọ̀ nídìí orúnkún rẹ̀.

Mi ò kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo sọ̀rọ̀ sí i bí mi ò ṣe sọ̀rọ̀ sí àgbà rí láyé mi. Mo ní, "Ìwọ arúgbó yìí, gbé ọwọ́ ẹ kúrò lórí ọmọ mi. Ọmọ mi ni. Èmi ni mo bí i. Mi ò mọ̀ ẹ́, mi ò mọ èdè ẹ, Àmín tí mo ṣe kì í ṣe Àmín. Mo gbà á padà." Inú ń bí mi dé ibi tí omi ojú fi ń jáde.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa sórí Moráyọ̀.

"Ọmọ yìí ò ní kú ní kékeré," ló wí.

Yorùbá ni. Yorùbá Ìjẹ̀bú, bí ìyá ìyá mi ṣe ń sọ ọ́. Ó dákẹ́, ó wò mí. Ó ń dúró.

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ gbọ́ ohun tó ṣe fún mi. Bí mo bá ṣe Àmín, mo ti tún fún un ní ẹ̀rí pé ọmọ rẹ̀ ni. Bí mi ò bá ṣe é, kí ni mo ti sọ nípa ọmọ mi? Mo di ẹnu mi. Mo fi eyín há ahọ́n mi títí mo fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò.

"Odò ò ní gbé e lọ mọ́."

Mo dákẹ́. Mo ń sọ̀ kalẹ̀, àtẹ̀gùn ń yọ̀ lẹ́sẹ̀ mi.

"Á dàgbà, á darúgbó, á sin ìyá rẹ̀."

Mo dákẹ́. Èmi, Olúwamáyọ̀wá, wọ́n ṣàdúrà pé ọmọ mi á sin ìyá rẹ̀, mo sì pa ẹnu mọ́. Ọwọ́ mi ti kan kọ́là aṣọ rẹ̀.

"Àmín," ni Moráyọ̀ wí.

Ó ṣe é kó dún, bí mo ṣe kọ́ ọ.

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Mo fa ọmọ mi sókè, mo gbé e mọ́ra. Nígbà tí mo wo àtẹ̀gùn, omi nìkan ló wà níbẹ̀. Orù dúdú náà léfòó díẹ̀, ó gba omi sínú, ó sì rì. Ariwo mọ́tò padà dé. Ẹnì kan ń fọn fèrè sí mi lókè pé mo páàkì sójú ọ̀nà.

Ó ti di oṣù Kẹta báyìí. Kò sí orù, kò sí omi pípọ́n, Auntie Bernice ò rí Mama kankan mọ́. Moráyọ̀ ń jẹun, ó ń sùn, ó ń ṣe dáadáa nílé ìwé. Adédọ̀tun ní ó ti parí.

Ní àràárọ̀, ó ń wọ kíṣìnì wá, ó ń kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Mà." Láti ọjọ́ odò yẹn, kò pè mí ní Mummy mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo dì í mú, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó dìde. Mo ní kó gbọ́wọ́ sókè kó ní "Hi." Mo ní kó pè mí ní ìwọ, mi ò ní bínú, láyé mi mi ò ní bínú mọ́.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí àlejò tó ní ẹ̀kọ́.

"Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín, Mà. Ẹ ti tọ́jú mi gan-an. Mama ní kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín títí àwọn fi máa dé."

Ó dìde, ó lọ gbé báàgì rẹ̀. Ní alaalẹ́, kó tó sùn, ó máa ń to bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì máa ń kọjú rẹ̀ síta. Mo máa ń yí i padà sínú ilé. Tó bá di àárọ̀, á ti kọjú síta.